Ìwé Ayò Tí A Tẹ̀ ní Ṣómólú, Tí A Tún Gbé Sórí Kọ̀ǹpútà

Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ yìí! Kí ni ẹ ń tẹ̀ tí ẹ fi ń pariwo bí ẹni tí bọ́ọ̀lù wọlé fún? Ẹ mú un wá kí n rí i. Ayò! Ayò lẹ ń ta lórí fóònù! Ẹni tí ẹ sì ń bá ta á wà ní Kánádà, ẹ ò mọ ojú rẹ̀, ẹ ò mọ ilé rẹ̀, ó ń jẹ yín ní àjẹtúnjẹ, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Inú mi mà dùn o. Ẹ fa àga yẹn sún mọ́ mi. Ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé ayò sínú ẹ̀rọ, àbí? Ní Ṣómólú níbí, kí ẹ tó dáyé, a ti gbé e síbẹ̀. Ọjọ́ tí a sì gbé e síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ó tú èmi àti ọ̀rẹ́ mi ká.

Ẹ ò lè mọ bí Ṣómólú ṣe ń dún nígbà náà. Tí ẹ bá gba Fọlá Àgórò kọjá láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Ojúlé kan, ẹ̀rọ kan. Ti ìhín á máa sọ pé gbàà-ṣì, gbàà-ṣì, ti ọ̀hún á máa dá a lóhùn pé kìtì-kítì, kìtì-kítì. Àwọn tó ń gé bébà ń kọrin, àwọn tó ń ká a ń bú ara wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, òórùn ínkì á sì bo òórùn àkàrà mọ́lẹ̀. Èmi gan-an, nígbà tí mo kọ́kọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, lẹ́tà òjé ni mo ń tò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ á kọ ẹ̀yìn sí wa, àfi tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ló tó ń kọjú sí ọmọ aráyé. Títí dòní, bí ẹ bá dorí ìwé kodò níwájú mi, mà á kà á já. Ẹ̀yin, ẹ fi àtàǹpàkò kan fóònù báyìí, lẹ́tà ti tò. Kò burú. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Nígbà tí àwọn ológun wá padà sí bárékè, tí alágbádá gba ìjọba, àdúgbò wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Pósítà! Olóṣèlú kan á wá tẹ ojú tirẹ̀ ní ojúlé kìíní, ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò á wá tẹ tirẹ̀ ní ojúlé kejì, àwọn méjèèjì á sì pàdé ara wọn lórí okùn tí a sá wọn sí kí ínkì lè gbẹ. Ewúrẹ́ kan wà ní Pedro tó jẹ ojú ẹni tó fẹ́ di káńsẹ́lọ̀ tán pátápátá, ọkùnrin náà sì fẹ́ mú olówó ewúrẹ́ lọ sí tẹ́ṣàn, ó ní àwọn alátakò ló rán an. Ẹ̀rín pa wá! Nígbà ológun, kí ẹ tó tẹ ìwé ìròyìn kékeré, ẹ máa wẹ̀yìn, ẹ máa wo iwájú. Ṣùgbọ́n nígbà yìí, ẹni tó bá ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ń tẹ̀ ẹ́: ìjọ ń tẹ tirẹ̀, ẹgbẹ́ ń tẹ tirẹ̀, àwọn alágbo ń tẹ tiwọn. Èmi náà bá sọ fún Àlàájì Ràímì lọ́jọ́ kan tí à ń ta ayò lẹ́yìn iṣẹ́ pé, "Àlàájì, ẹ jẹ́ ká tẹ ìwé ìròyìn àwa tí a fẹ́ràn eré."

Àlàájì Ràímì, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ọmọ onílẹ̀ Bàríga ni. Òun ló ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo dé Èkó tí n kò mọ ẹnì kan, yàrá kan nínú ilé bàbá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sùn. Oníbàtísì ni mí, Mùsùlùmí ni òun, a ò sì jà rí lórí ẹ̀sìn. Orí ayò là ń jà lé. Ó ga, ó dúdú, ó sì gbà pé ohun tí kò bá sí lórí bébà kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí a bá bí ọmọ nínú ilé rẹ̀, àfi kó tẹ káàdì ìkómọ kó tó gbà pé ọmọ náà dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún yín, nítorí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí a bá fẹ́ tẹ̀, a máa kọ́kọ́ sọ ọ́ di fíìmù, ike tó mọ́ gaara tí ọ̀rọ̀ àti àwòrán wà lára rẹ̀. A máa to fíìmù náà lé pléètì lórí, irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ máa ń lò, a máa fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a ó wá gbé e sínú oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè sun ún wọ inú irin. Ta ló wá fẹ́ wo aago? Fátíhà ni Àlàájì fi ń wọn oòrùn. Bí oòrùn bá mú, á ka díẹ̀, bí ìkùukùu bá bò ó, á kà á pẹ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo dúró tì í, Sáàmù kẹtàlélógún ni mo máa ń kà. Àlàájì á ní Sáàmù mi ti gùn jù, pé yóò jó òun ní pléètì.

Fíìmù yìí wá ní ojú méjì. Ojú kan dán, wọ́n fi oògùn sí ojú kejì, ojú oògùn yẹn ló gbọ́dọ̀ dojú kọ irin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á yí po. Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ètè ni! Ẹ máa fi ahọ́n lá ètè yín, ẹ máa wá fi fíìmù kàn án. Ojú tó bá lẹ̀ mọ́ yín létè ni ojú oògùn. Gbogbo Ṣómólú ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rí àgbàlagbà onírùngbọ̀n tó ń fi ẹnu ko ike lẹ́nu bí ẹni tí ìfẹ́ ń pa.

Bí a ṣe bí ìwé ìròyìn wa nìyẹn. "Ọ̀ta àti Òpè" la sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá mọ ayò ta là ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀! A kọ nípa dráfù, a kọ nípa lúdò, a kọ ìjà tó ṣẹlẹ̀ níbi káàdì wọ́ọ̀tì ní Ladi-Lak. Àmọ́ ojú ewé tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń ṣí ni ti ìyàwó mi, ìyá àgbà yín tó ń sùn nínú ilé yìí. Ẹ ò mọ̀ pé ọ̀ta ni? Ọkùnrin mẹ́ta ni ó sọ di òpè lójú mi kí n tó lọ bẹ bàbá rẹ̀ pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Òun ló ń dá àlọ́ ayò fún wa. Á ya ọ̀pọ́n sínú ìwé, ojú mẹ́fà lókè, ojú mẹ́fà nísàlẹ̀, á fi àmì ọmọ ayò sínú ojú kọ̀ọ̀kan, á wá bèèrè pé: ẹni ìsàlẹ̀ ló kàn, báwo ni yóò ṣe jẹ? Àwọn bàbá tó ń ta ayò káàkiri Bàríga á gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ́n, wọ́n á to ọmọ bí ó ṣe yà á, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun orí ara wọn tu.

Ìgbà yẹn ni Dúpẹ́ dé. Ọmọbìnrin kan ni, ojú rẹ̀ ò gbé ibì kan, ó ṣí ilé kọ̀ǹpútà sí Pedro Road, ibi tí ẹ ti máa ra àkókò kí ẹ tó jókòó síwájú íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sápò yìí, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí eruku. Inú tutù nini, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ tó ń pe íńtánẹ́ẹ̀tì á ké bí ológbò tí wọ́n tẹ ìrù rẹ̀, gbogbo wa á dákẹ́, a ó máa retí. Tó bá wá wọlé, àwòrán kan ṣoṣo á máa sọ̀ kalẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ láti òkè, ẹ máa rí irun, ẹ máa rí iwájú orí, kí ẹ tó rí imú, àkókò yín ti tán! Ó wù mí gan-an! Mi ò purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn ilé yẹn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súgà.

Dúpẹ́ ló wá bá mi pé, "Bàbá, ìwé ayò yín yìí, ẹ jẹ́ ká gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi ti bébà sílẹ̀ o. Kí ẹni tó fẹ́ bébà ra bébà, kí ẹni tó fẹ́ kọ̀ǹpútà kà á lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ Bàríga tó wà lókè òkun ń bi mí léèrè. Ọ̀kan ní òun ò tíì fojú kan ọmọ ayò látìgbà tí òun ti kúrò nílé, mo fẹ́ sunkún."

Mo sáré lọ bá Àlàájì. Ó ń fi àkísà nu ẹ̀rọ, ó gbọ́ mi tán, kò gbójú sókè.

"Bàbá Fẹ́mi," ló wí, "ohun tí ẹ ò lè fi di ẹ̀pà, ṣé ìwé nìyẹn? Tí iná bá lọ ńkọ́, níbo ni ìwé yín wà?"

"Àlàájì, tí òjò bá pa bébà ńkọ́, níbo ni tiyín wà?"

"A máa sá a sóòrùn!"

A fà á títí. Nígbà tó yá, ìyá àgbà yín ló bá wa dá sí i. Ó ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè, kí àwọn méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́. Àlàájì gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ilé kọ̀ǹpútà yẹn láéláé, àti pé ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá dójú ti òun, òun ò tẹ "Ọ̀ta àti Òpè" mọ́. Mo fi ẹ̀rín gbà á. Mi ò mọ̀ pé ó dá a lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ìtẹ̀jáde tí a kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀nà méjèèjì bọ́ sínú oṣù ààwẹ̀. A fẹ́ kó lárinrin, a sì kéde pé ẹni tó bá kọ́kọ́ túmọ̀ àlọ́ ayò inú rẹ̀ yóò gba ọ̀pọ́n ayò tuntun, igi ìrókò, tí wọ́n gbẹ́ tó ń dán. Ìyá Fẹ́mi, ìyá àgbà yín, fi ọjọ́ púpọ̀ ro àlọ́ náà. Orí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń tọ ipa àwòrán, tí ẹ fi lè rí ọwọ́ yín láti òdìkejì, ló yà á sí. Dúpẹ́ gbà á, ó yà á sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi bébà kan náà ṣe fíìmù fún Àlàájì. Lọ́jọ́ tí a tẹ̀ ẹ́, mo ń sáré láti Fọlá Àgórò sí Pedro, láti Pedro sí Fọlá Àgórò, bí ìyá ìyàwó. Ìwé ń jáde lára ẹ̀rọ níbí, ó ń jáde lójú kọ̀ǹpútà lọ́hùn-ún! Mo fò sókè lójú títì, obìnrin kan bi mí bóyá mo jẹ tẹ́tẹ́.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí wàhálà fi dé. Àwọn tó kà á lórí kọ̀ǹpútà ń túmọ̀ àlọ́, wọ́n ń fi ránṣẹ́. Àwọn oníbébà ò rí i túmọ̀. Àwọn ọ̀ta tí wọ́n ti ń ta ayò látìgbà tí wọ́n ti ń wọ ìbàǹtẹ́, wọ́n to ọmọ, wọ́n tú u, wọ́n tún un tò, kò jẹ. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Baba Káfíńtà, ọ̀ta gidi ni ní Ladi-Lak, kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí àlọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti túmọ̀ rẹ̀, tó fẹ́ gba ọ̀pọ́n ìrókò, inú bí wọn. Èrò ya bo ṣọ́ọ̀bù Àlàájì.

"Òjóró ni!" Baba Káfíńtà ló ń pariwo. "Ẹ ti sọ ìdáhùn fún àwọn oníkọ̀ǹpútà! Ẹ rò pé àwa oníbébà ya òmùgọ̀?"

Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí Dúpẹ́, ó tẹ ojú ewé náà jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ó sáré gbé e wá. A gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tiwa. Yéè! Ojú tí ọmọ pọ̀ sí jù, ọwọ́ ọ̀tún ló wà nínú ti Dúpẹ́, ọwọ́ òsì ló wà nínú tiwa. Gbogbo ọ̀pọ́n yí po bí ohun tí a wò nínú dígí.

"Kọ̀ǹpútà yín ló yí i!" Àlàájì na ọwọ́ sí Dúpẹ́. "Mo ti sọ! Ṣé mi ò sọ?"

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe yà á," Dúpẹ́ kúnlẹ̀, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé bébà tí wọ́n yà á sí wá, kó ṣe ìdájọ́. A gbé e wá. Ẹ wo ọ̀ràn: bí ẹ ṣe rí i ní iwájú lẹ ṣe rí i ní ẹ̀yìn! Bébà tó mọ́ gaara ni. Àmì ọmọ ayò sì ni ó wà lára rẹ̀, kò sí lẹ́tà kan tí ìbá sọ ibi tí iwájú wà. Àwọn kan ń gbè sẹ́yìn Àlàájì, àwọn kan ń gbè sẹ́yìn Dúpẹ́. Wọ́n wá bi ìyá Fẹ́mi, ẹni tó yà á. Baba Káfíńtà ní kí wọ́n má bi í, pé ìyàwó oníwèé ni, ohun tó bá gbe ọkọ rẹ̀ ló máa sọ.

Ìyá àgbà yín ò bínú. Ó tú gèlè rẹ̀, ó so ó mọ́ ìdí, ó jókòó sílẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ọ̀pọ́n wá. "Ẹ jókòó sókè, Baba Káfíńtà. Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ bi í."

Ó kọ́kọ́ to ọmọ bí ó ṣe wà nínú ìwé wa. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún là ń ta ayò sí, kó tó yí lọ sí ilé ẹni kejì. Ojú tó kún náà wà ní òsì pátápátá. Ó kó o, ó ta á, ọmọ rìn gba inú ilé òun fúnra rẹ̀, ó parí síbẹ̀, kò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀tá. Ó tún un ta ní ọ̀nà mìíràn, òfo. Ó wá to ọmọ bí ó ṣe wà lórí kọ̀ǹpútà. Ojú tó kún bọ́ sí ọ̀tún. Ó ta á, ọmọ wọ ilé Baba Káfíńtà lọ tààrà. Ọwọ́ kan, ọwọ́ kejì, ó jẹ, ó jẹ, ó tún jẹ! Ariwo sọ! Baba Káfíńtà náà fò dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, ó gbàgbé pé òun ni wọ́n jẹ.

Ibẹ̀ ló ti yẹ kí inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan láti ẹ̀yìn pariwo pé, "Áà, ẹ̀rọ Àlàájì mu ọtí nínú ààwẹ̀!" Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ojú Àlàájì, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó pa ẹ̀rọ. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó dojú kọ mí.

"Bàbá Fẹ́mi, ẹ gbé ìwé yín lọ fún kọ̀ǹpútà. Èmi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ẹ ó ní, ṣé kò sí ẹ̀rọ mìíràn ní Ṣómólú ni? Ó pọ̀ lọ bí eṣú. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí n gbé ìwé tí èmi àti Àlàájì jọ bí lọ fún ẹlòmíràn, kí n máa gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá? Kí n wá fi bébà sílẹ̀ pátápátá ńkọ́? Àwọn bàbá tó ń ta ayò ò mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ǹpútà wà. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, kò jáde. Mo rán imáàmù sí i, ó ní kí imáàmù fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Oorun dá lójú mi. Kí n má tan yín, mo sunkún.

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ dé. Látìgbà tí mo ti dé Èkó, abọ́ Àlàájì ló máa ń kọ́kọ́ wọ ilé wa lọ́jọ́ ọdún, ìrẹsì pẹ̀lú ẹran, tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Bí Kérésìmesì bá dé, tiwa ló máa ń kọ́kọ́ wọ tiwọn. Lọ́jọ́ náà, a jókòó, a ń wo ojú ọ̀nà. Àwọn ọmọ kékeré ń kọjá pẹ̀lú aṣọ tuntun, bàtà wọn ń dún kò-kò-kò. Oòrùn kan àtàrí, ó yẹ̀, abọ́ ò dé. Mo sọ fún ìyá àgbà yín pé ó ti parí nìyẹn. Ó wò mí bí ẹni wo òpè.

"Bàbá Fẹ́mi, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ gbé ọ̀pọ́n yẹn, ká lọ kí i."

A dé Bàríga, a bá a nínú ìyẹ̀wù, ó wọ agbádá ọdún, kò sì rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyàwó rẹ̀ kí wa, wọ́n sì yọ́ kúrò. A kí i kú ọdún, ó dáhùn. Ó wá ní:

"Mo ti rántí. Atẹ́gùn ló fẹ́ nígbà tí mo ń gbé e lọ sínú oòrùn. Fíìmù ọ̀pọ́n yẹn bọ́ sílẹ̀. Mo ṣà á, mo fẹ́ fi kan ètè, ni mo bá rántí pé mo gba ààwẹ̀. Mo ní mi ò ní jẹ́ kí oògùn fíìmù kàn mí lẹ́nu. Mo fi ojú wò ó. Ebi ń pa ojú náà." Ó mi orí. "Wọ́n wá ní mo mu ọtí."

Ìyá àgbà yín ò tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọ̀pọ́n kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọmọ, mo sì rí i pé ti ìwé ló ń tò, èyí tó yí po.

"Ìyá Fẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o," ni Àlàájì wí. "Mi ò fẹ́ rí i."

"Àlàájì, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bá ọ̀pọ́n yín yìí jà. Ẹni ìsàlẹ̀ ò lè jẹ, òótọ́ ni. Ẹ wá jókòó sókè níbí. Kí ẹni òkè kọ́kọ́ ta á, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi."

Kò fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀ta ni. Ta ni ọ̀ta tí wọ́n máa gbé ọ̀pọ́n síwájú rẹ̀ tí kò ní wò ó? Ó fà súnmọ́ ọn. Ó wò ó, ó wò ó, ó na ọwọ́, ó fà á padà. Ó ká apá agbádá sórí èjìká. Lójijì, ó kó ọmọ ojú kan, ó ń ta á, tó, tó, tó, tó, ó dé ilé ìyá Fẹ́mi.

"Mo jẹ!" Ó tún ta á. "Mo tún jẹ! Ìyá Fẹ́mi, mo jẹ yín tán!"

"Àlọ́ yín nìyẹn, Àlàájì. Èmi kọ́ ni mo dá a. Ó le ju tèmi lọ."

Àlàájì wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i! Ó pariwo pe àwọn ìyàwó rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn ò tíì gbé oúnjẹ fún àwọn àlejò òun. Abọ́ dé, aṣọ funfun wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti bù ú láti àárọ̀, ọkọ wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé e wá.

Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù gba ọ̀pọ́n rẹ̀. Nínú ìtẹ̀jáde tó tẹ̀lé e, ọ̀pọ́n méjì la gbé jáde, lórí bébà àti lórí kọ̀ǹpútà. Abẹ́ ọ̀kan la kọ ọ́ sí pé ìyá Fẹ́mi ló dá a. Abẹ́ ìkejì, Àlàájì fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Ràímì ló yí èyí po." Ẹ̀yin ọmọ, ìwé yẹn tán kí ilẹ̀ tó ṣú! Baba Káfíńtà wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ti àkọ́kọ́ ti ya lọ́wọ́ àwọn tó ń já a gbà.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ọkùnrin tó ní ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ilé kọ̀ǹpútà! Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà Dúpẹ́, ó ń bọ́ bàtà. Dúpẹ́ gbé àga fún un, ó kúnlẹ̀ kí i, ó wá tẹ ẹ̀rọ. Ojú ewé wa ń sọ̀ kalẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ́n kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni orúkọ rẹ̀ yọ. Ó tẹjú mọ́ ọn, kò ṣẹ́jú.

"Dúpẹ́, ṣé àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù náà ń rí i báyìí?"

"Wọ́n ń rí i, sà. Kánádà ń rí i. Gbogbo ayé ni, Àlàájì."

"Gbogbo ayé!" Ó gbá mi léjìká. Ó tún un kà, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wá yíjú sí Dúpẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan tí ojú ń tì í láti tọrọ.

"Ó dára. Ó dára gan-an ni, ọmọ mi. Ó wá ku ohun kan: jọ̀ọ́, bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí n mú un lọ fi han àwọn ará ilé, kí wọ́n lè gbà pé òótọ́ ni."